Bí Àgbàlagbà Ṣe Lè Wa Go-kart fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Ẹni tó ti ń wa mọ́tò láti ọdún pípẹ́ ni go-kart, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń sáré lórí pápá, sábà máa ń yà lẹ́nu jù lọ. Ọmọdé tó bá jókòó sínú rẹ̀ kò ní àṣà kankan tó ní láti gbàgbé, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ti gbé ìwà ojú títì dání wá sórí pápá: ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló fi ń tẹ bíréèkì, ó gbà pé bí ọkọ̀ kò bá yà tó, ṣe ni kí òun túbọ̀ yí síárìn, kò sì rí ohun tó burú nínú kí òun tún tẹ bíréèkì díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ti wọ kọ́nà. Lórí pápá go-kart, àwọn àṣà mẹ́ta yìí gan-an ló ń fa eré sẹ́yìn, ẹ̀kẹta nínú wọn ló sì máa ń yí ọkọ̀ po tí iwájú á fi kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú bí ẹ ó ṣe sáré, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irú ohun tí ẹ fẹ́ jókòó lé.

Ohun tí kò sí lára rẹ̀

Ní ọdún 1956, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Art Ingels, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkan ọkọ̀ ìdíje, jó irin pọ̀, ó fi táyà kéékèèké mẹ́rin sí i, ó sì gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ìgékoríko lé e lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò tíì yí padà púpọ̀. Èyí tí wọ́n ń háyà fún ènìyàn lónìí máa ń lo ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù tí agbára rẹ̀ wà láàárín agbára ẹṣin 6 sí 9 tàbí kó lé díẹ̀, tàbí kó jẹ́ èyí tó ń lo iná bátìrì, pàápàá níbi tí pápá bá wà nínú ilé. Eré tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sá sábà máa ń wà láàárín kìlómítà 50 sí 70 ní wákàtí kan. Iye yìí lè dà bí ohun kékeré létí ẹni tó ń gba òpópó márosẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí yín kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ sí ilẹ̀, kò sí dígí níwájú yín, ojú yín á sì sọ fún yín pé eré náà tó ìlọ́po méjì.

Ọkọ̀ yìí kò ní jíà, kò sì sí kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ ó máa tẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ máa ń gbá ara rẹ̀ mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti yí dé ìwọ̀n kan. Ohun méjì péré ló wà fún ẹsẹ̀: bíréèkì fún ẹsẹ̀ òsì, tọ́rótù, ìyẹn ìtẹ̀ tó ń mú kí ọkọ̀ sáré, fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀pá síárìn sì gba àárín wọn kọjá, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan kò lè fò lọ sí ìhà kejì lọ́nà ìrọ̀rùn. Ẹsẹ̀ òsì àwọn tó ń wa mọ́tò kò mọ bíréèkì tẹ̀ níwọ̀n. Bí ó bá ti kan án, ṣe ló máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà dán an wò díẹ̀díẹ̀ ní ìyípo àkọ́kọ́, níbi tí eré kò tíì pọ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ kò tẹ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ó ń jó kílọ́ọ̀ṣì, àwọn ọkọ̀ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì wọn á gé agbára fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò ní sípíríǹgì, kò sì ní ṣọ́ọ̀kì. Egungun irin rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ tó sì ń nà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ojú títì tó bá rí gbágungbàgun fi máa ń dé eegun ìhà yín tààrà. Bíréèkì rẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ èyí tí wọ́n ń háyà, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń mú. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló so táyà méjèèjì tó wà lẹ́yìn pọ̀, iye tí ọ̀kan bá sì yí ni èkejì gbọ́dọ̀ yí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà, ọ̀nà tí táyà ẹ̀yìn tó wà ní ìhà òde ní láti rìn gùn ju ti èyí tó wà ní ìhà inú lọ. Nínú mọ́tò, ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n go-kart kò ní i. Àyàfi kí táyà ẹ̀yìn ti inú gbéra díẹ̀ kúrò nílẹ̀, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà á máa fẹ́ lọ síwájú gbọnrangandan ni. Bí wọ́n ṣe to táyà iwájú ló ń mú kí èyí ṣeé ṣe: bí ẹ bá ti yí síárìn, ìwọ̀n ọkọ̀ á bọ́ sórí táyà tó wà lódìkejì, ti inú á sì fúyẹ́. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé kí ẹ jókòó ṣánṣán. Ẹni tó bá tẹ ara sí ìhà inú kọ́nà bí àwọn tó ń gun alùpùpù ń di ìwọ̀n padà sórí táyà tó yẹ kó fúyẹ́, ọkọ̀ á sì túbọ̀ ṣòro láti yà.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní bẹ́líìtì pẹ̀lú. Kì í ṣe àìbìkítà ló fà á: níbi tí kò bá ti sí irin tó bo orí awakọ̀, ó sàn kí ènìyàn já bọ́ kúrò nínú ọkọ̀ tó dojú dé ju kí wọ́n dè é mọ́ ọn lọ. Èyí tó bá ní irin lókè máa ń ní bẹ́líìtì, dandan sì ni kí ẹ dè é.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ pe ibi tí ẹ fẹ́ lọ ṣáájú, kí ẹ béèrè ìwọ̀n gíga àti ìwọ̀n ara tí wọ́n ń gbà, bóyá wọ́n ní àkókò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò ṣe é rí, àti ìgbà tí èrò kì í pọ̀. Pápá inú ilé sábà máa ń kúrú, ilẹ̀ rẹ̀ á sì máa yọ̀. Ti ìta gùn, ó gba eré, táyà sì máa ń gbá ọ̀dà mú dáadáa bí òjò kò bá rọ̀. Lójú tèmi, pápá kúkúrú tí kò kún fún èrò ló dára jù fún àgbàlagbà tó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kọ́nà kan náà á tètè padà dé iwájú yín, ẹ ó sì tún un ṣe kí ẹ tó gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá lóyún, tó ní àìsàn ọkàn, tó ní ìrora ẹ̀yìn tàbí ọrùn, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀. Ẹni tó ti mu ọtí náà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, bó ti wù kí ó kéré tó.

Ní ti aṣọ, ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ tán, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ tó sì fẹ́lẹ́, ni kí ẹ wọ̀, kí ẹsẹ̀ lè mọ bí bíréèkì ṣe ń dáhùn. Ẹ ki okùn bàtà bọ inú. Ọ̀rọ̀ irun gígùn, ìborùn àti okùn tó ń fì lára aṣọ kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ o: ọ̀pá irin tó wà lẹ́yìn yín ń yí ní gbangba nínú àwọn ọkọ̀ kan, ìborùn tó bá kó sí i lè fún ènìyàn lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni tó lè dá ẹ́ńjìnnì dúró. Ẹ di irun, ẹ tì í sínú aṣọ, ẹ fi ìborùn sílẹ̀. Ẹ kó fóònù àti kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú àpò pẹ̀lú.

Akoto tó bá yín mu gbọ́dọ̀ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín mú. Bí ẹ bá dì í tán, ẹ mi orí sọ́tùn-ún sósì: awọ iwájú orí yín ló yẹ kó máa bá akoto lọ; bí akoto bá ń yí tí awọ kò kúrò lójú kan, ẹ gba èyí tó kéré sí i. Ẹni tó ń lo awò ojú á kọ́kọ́ dé akoto, lẹ́yìn náà ni yóò ti awò bọ inú rẹ̀.

Jíjókòó

Ìṣẹ́jú tí ẹ bá lò níbí kò ṣòfò, bí òṣìṣẹ́ tilẹ̀ ń kánjú. Ẹ sún ìdí sẹ́yìn títí ẹ̀yìn yín á fi kan ìjókòó látòkè délẹ̀. Ìjókòó kì í sábà sún. Ibi ìtẹ̀ ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fà síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ wo orúnkún: ó yẹ kó ṣì ká díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá nà gbọọrọ, ẹ kò ní lágbára tó láti tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ara bá ń mì; bí orúnkún bá sì ń kan síárìn, ìtẹ̀ náà ti sún mọ́ yín jù. Bí ààyè bá wà láàárín ìhà yín àti etí ìjókòó, ẹ béèrè tìmùtìmù tí wọ́n ń fi sínú rẹ̀, nítorí pé awakọ̀ tí ìdí rẹ̀ ń yọ̀ kiri á máa fi síárìn di ara rẹ̀ mú ni, ọwọ́ tó bá sì ń di ara mú kò lè darí ọkọ̀ dáadáa.

Ẹ fi ọwọ́ sí ibi tí aago 9 àti aago 3 máa ń wà, kí ìgbọ̀nwọ́ ká díẹ̀, kí ẹ má sì yọ wọ́n kúrò níbẹ̀. Síárìn go-kart kò nílò kí ẹ máa gbé ọwọ́ kan gun orí èkejì, nítorí pé ìwọ̀nba yíyí díẹ̀ ni gbogbo kọ́nà ń fẹ́. Ẹ má fún un pa. Àgbàlagbà tó bá fún síárìn mọ́wọ́ látìgbà tó gbéra, apá rẹ̀ á ti le gbandi kí eré tó dé ìdajì, kò sì ní mọ ohun tí táyà iwájú ń sọ fún un mọ́.

Kí wọ́n tó tú yín sílẹ̀, wọn á ṣàlàyé àwọn àsíá. Aláwọ̀ ìyeyè túmọ̀ sí pé ewu wà níwájú: ẹ dẹwọ́ eré, ẹ má sì kọjá ẹnikẹ́ni. Àsíá búlúù ń sọ pé ẹni tó yára jù yín lọ wà lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó kọjá. Dúdú ń pe awakọ̀ kan kúrò lórí pápá, alápá dúdú àti funfun ló sì ń kéde òpin. Ní ti pupa, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀, nítorí pé pápá kan á ní kí ẹ dúró lójú kan náà, òmíràn á ní kí ẹ rọra wọlé.

Kọ́nà

Ìyípo kan tàbí méjì àkọ́kọ́ wà fún táyà. Táyà tó tutù kì í gbá ilẹ̀ mú, ibi tí ẹ sì lè fi gbogbo ara yà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta lè yí yín po ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹ lò ó láti wo pápá: ibo ni ilẹ̀ ti dúdú nítorí àmì táyà, kọ́nà wo ló ká jù, èwo ló kàn tẹ̀ díẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú kọ́nà kan ṣoṣo, èyí tó ká padà sí ọ̀tún lẹ́yìn ọ̀nà tó gùn gbọọrọ, ká sì rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹni tó mọ̀ ọ́n wà àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ti ń pínyà. Ẹ máa bọ̀ ní ìhà òsì pátápátá, kí táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gun etí pápá. Ẹ yan ohun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí kò lè sún, bí ọ̀dà tí wọ́n fi kun ògiri tàbí ibi tí ilẹ̀ ti sán, kó jẹ́ àmì bíréèkì yín. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, kí ẹ sì tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, gírígírí, nígbà tí síárìn ṣì dúró gbọnrangandan. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì, táyà ti há nìyẹn; ẹ dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi bíréèkì sílẹ̀ kí ẹ tó yí síárìn. Èyí ló ṣòro jù fún ẹni tó ń wa mọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé táyà ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì náà ń mú: táyà tí ẹ ń dá dúró tí ẹ tún ń ní kó di ọkọ̀ mú nínú kọ́nà kò lè ṣe méjèèjì, á sì yọ̀ǹda ẹ̀yìn ọkọ̀ kó lọ.

Wàyí o, ẹ yí síárìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ojú yín sì ti wà ní etí pápá ní ìhà inú, díẹ̀ kọjá àárín kọ́nà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ sún mọ́ etí inú jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń tètè yà, wọ́n á kan etí inú ṣáájú àárín, ibi tí wọ́n á gbà jáde kò wá ní í tó mọ́, wọ́n á sì tún ní láti dẹ tọ́rótù nígbà tó yẹ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ti fẹ́ dé etí inú, ẹ gbé ojú kúrò níbẹ̀ lọ sí òpin kọ́nà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tọ́rótù díẹ̀díẹ̀, ẹ tú síárìn sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gbé yín padà lọ sí etí òsì. Bí ẹ bá ní láti fipá yí i kó tó dé òsì, ẹ kò tíì lo gbogbo ọ̀nà. Bí ó bá fẹ́ gbé yín kọjá etí pápá, ẹ ti yára wọlé jù.

Ìdí tí a fi ń dẹwọ́ kí a tó wọlé ni pé ẹ́ńjìnnì kékeré yìí kò lágbára láti san gbèsè. Bí ẹ bá sáré já wọ kọ́nà tí táyà iwájú ń fà yọ̀ọ̀ lórí ilẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì tó ń rẹlẹ̀, ó sì lè lo gbogbo ọ̀nà gbọọrọ tó tẹ̀ lé e kí ohùn náà tó padà bọ̀ sípò. Nígbà tí táyà iwájú bá ń fà báyìí, ọwọ́ yín á fẹ́ túbọ̀ yí síárìn. Ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀: ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ dúró kí táyà gbá ilẹ̀ mú, lẹ́yìn náà kí ẹ wá yà. Igbe táyà dùn létí, mo gbà, ó sì máa ń jẹ́ kó dà bíi pé eré ń lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń ké jùlọ kọ́ ló máa ń wà níwájú.

Kì í ṣe gbogbo kọ́nà ló nílò bíréèkì. Èyí tó kàn tẹ̀ díẹ̀ lè má gbà ju kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù fún ìṣẹ́jú àáyá kan, òmíràn kò sì gbà bẹ́ẹ̀ pàápàá. Níbi tí kọ́nà méjì tàbí mẹ́ta bá tẹ̀ léra, ẹ̀yìn wọn ni kí ẹ rò: ẹ fi ti àkọ́kọ́ rúbọ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè jáde nínú ti ìkẹyìn pẹ̀lú tọ́rótù nílẹ̀, nítorí pé òun ló tú yín sí ọ̀nà gbọọrọ.

Bí ọkọ̀ bá yí po, àti bí ẹlòmíràn bá wà nítòsí

Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ti sá lọ débi tí ẹ kò lè mú un padà mọ́, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kó má bàa máa yípo kiri, kí ẹ sì di síárìn mú. Bó bá dúró, ẹ gbé ọwọ́ kan sókè kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí yín, kí ẹ dúró de òṣìṣẹ́. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ láé, bí ẹ tilẹ̀ rò pé ẹ lè tì í fúnra yín: nínú ọkọ̀, rọ́bà àti irin yí yín ká; bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, kò sí ohun kankan tó yí yín ká. Bí ẹ bá fẹ́ forí sọ ohun kan, ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yọ sóde láti dá a dúró.

Ní ti kíkọjá ẹlòmíràn, ẹ má wá a ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ó bá pọndandan, ìhà inú kọ́nà níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń tẹ bíréèkì ni wọ́n ti ń kọjá, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni náà kó tó yà. Ẹni tó gbá ẹlòmíràn kúrò lọ́nà kó tó kọjá kò kọjá ẹnikẹ́ni, wọ́n sì lè fi àsíá dúdú pè é wọlé. Bí ẹnì kan bá ń lé yín bọ̀, ẹ má máa wo ẹ̀yìn. Ẹ gba ojú ọ̀nà kan, kí ẹ má ṣe máa yà sọ́tùn-ún sósì níwájú rẹ̀, yóò wá ọ̀nà tirẹ̀ gbà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá jáde

Eré ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti jẹ́ kí ọwọ́ àgbàlagbà máa gbọ̀n. Ọrùn, iṣan apá àti eegun ìhà ló sábà máa ń sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kejì, nítorí náà ẹ mu omi, ẹ sinmi dáadáa kí ẹ tó tún wọlé, ẹ má sì ra eré ìgbà mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn. Bí ìhà bá ń dùn yín lọ́nà tí kò jẹ́ kí ẹ mí kanlẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Níbi púpọ̀, wọn á fún yín ní ìwé tí a kọ àkókò ìyípo kọ̀ọ̀kan sí, nítorí pé ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ọkọ̀ tó ń ṣírò rẹ̀. Àkókò tó dára jù ni gbogbo ènìyàn máa ń wò, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bí àwọn àkókò náà ṣe sún mọ́ra. Ẹni tí márùn-ún nínú ìyípo rẹ̀ kò fi ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ yàtọ̀ síra ti mọ ohun tó ń ṣe, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í sún àmì bíréèkì rẹ̀ síwájú ní ìwọ̀nba; ẹni tí ìyípo kan rẹ̀ yá gan-an tí èyí tó tẹ̀ lé e sì fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta falẹ̀ kò tíì ní àmì kankan. Ẹ má fi àkókò yín wé ti ẹlòmíràn jù. Ọkọ̀ tí wọ́n ń háyà kì í bá ara wọn dọ́gba, ẹni tó fúyẹ́ sì máa ń jàǹfààní, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn pápá kan fi máa ń gbé irin wíwúwo sínú ọkọ̀ àwọn tí kò tẹ̀wọ̀n.

Ní ìgbà kejì, ẹ mú ohun kan ṣoṣo wọlé láti ṣe: bóyá kí ẹ máa fi bíréèkì sílẹ̀ kí ẹ tó yí síárìn, tàbí kí ẹ máa gbé ojú lọ sí òpin kọ́nà. Bí ó bá wù yín láti máa padà wá, aṣọ ààbò eegun ìhà àti ìbọ̀wọ́ tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ronú kan akoto. Go-kart ìdíje gidi, èyí tó ń sá ju kìlómítà 100 ní wákàtí kan tí táyà rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, lè dúró di ìgbà tí àwọn àkókò inú ìwé yín bá ti ń sún mọ́ra lórí ọkọ̀ èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé fún yín.